Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá ń ti Òmù-Àrán lọ sí Èsìẹ́, tí ẹ bá rí géètì aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n kọ orúkọ èèyàn sí lára gàdàgbà, tí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wá wà lábẹ́ rẹ̀ ní wínníwínní, ẹ ti dé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn Oríire nìyẹn. Orúkọ gàdàgbà yẹn ni ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Aaron Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí, Ọ̀gá Àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀dà pa á rẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀dà náà kò nípọn, ẹ ṣì lè kà á bí oòrùn bá ràn sí i dáadáa. Bí orúkọ náà ṣe di ohun tí wọ́n ń pa rẹ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, torí pé èyí tó pa fún ara rẹ̀ ti tó o.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ga, ó sanra, ó sì gbà pé òun nìkan ni Ọlọ́run fi ìmọ̀ ìṣègùn lé lọ́wọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ẹnì kan ló ń gbé báàgì rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń gbé awò ojú rẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í bára wọn sọ̀rọ̀, torí pé ẹni tó ń gbé awò gbà pé òun ju ẹni tó ń gbé báàgì lọ. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá kọ́ni tán, á na ọwọ́ sókè, á béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo kíláàsì á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ó yé wa, sà."

Ṣé ẹ mọ̀ wá nílẹ̀ yìí. Ta ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tó máa dìde níwájú àgbà, tó máa ní ohun tí ẹ sọ kò yé mi? Bàbá á gbọ́, ìyá á gbọ́, pásítọ̀ á sì fi ṣe ìwàásù lọ́jọ́ Àìkú. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé ó yé wọn. Ó gbà wọ́n gbọ́.

Lẹ́tà kan ló ti Àbújá wá da ilé rú. Ìgbìmọ̀ kan tó ń yẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn wò kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀, àti pé kí àwọn tó dé, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan gba fọ́ọ̀mù, kó fún ara rẹ̀ ní máàkì lórí bó ṣe mọ iṣẹ́ ìkọ́ni sí. Ogún ìbéèrè, máàkì márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn bá dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà á dáhùn ìbéèrè kan náà nípa olùkọ́ wọn, láìkọ orúkọ. Wọ́n á wá gbé iye méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láti mọ̀ bóyá olùkọ́ mọ ara rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò mọ nǹkan, ó ṣì ṣeé kọ́. Èyí tí kò mọ̀ pé òun kò mọ̀ ni kí ẹ sá fún.

Inú Ọ̀jọ̀gbọ́n dùn sí lẹ́tà yìí débi pé ó ní kí wọ́n pa ẹ̀kọ́ tì lọ́jọ́ náà, kí gbogbo olùkọ́ wá wòran bí òun ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Ọ̀gbẹ́ni Timothy Adéyanjú, akọ̀wé kọ́lẹ́ẹ̀jì, ló gbé bírò wá nínú àwo tánganran. Adéyanjú yìí, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá sín, òun ló ń nu imú.

"Ẹ̀yin olùkọ́," Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀, "ohun ńlá ń ṣẹlẹ̀ lójú yín. Èmi Aaron, ẹni tí wọ́n kọ́ lẹ́ẹ̀kan tó gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí ibà gbọ́ ohùn rẹ̀ tó gbàgbé ara ẹni tó wọ̀, èmi náà ni Àbújá ní kí n wọn ara mi wò. Ta ló lè fi ìgò wọn òkun?"

"Kò sẹ́ni náà, sà," Adéyanjú dáhùn. "Àfi bí òkun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i."

Òkun fọwọ́ sí i. Ó fún ara rẹ̀ ní márùn-ún lórí ìbéèrè kìíní, ó fún ara rẹ̀ ní márùn-ún lórí ìkejì, àwọn olùkọ́ sì ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé ọgọ́rùn-ún. Ìgbà náà ni Dókítà Dáníẹ́lì Adéoyè, àgbà ìjọ kan láàárín wọn, wúkọ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ọgọ́rùn-ún yìí, ṣé kì í ṣe Ọlọ́run nìkan ló pé tó bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n di ojú, ó ronú, ó tún gbé fọ́ọ̀mù náà. Ó wá ìbéèrè tó ní, ǹjẹ́ mo ní ìrẹ̀lẹ̀, ó pa márùn-ún tó wà níbẹ̀ rẹ́, ó kọ mẹ́rin. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni òun mú, pé òun fi ọ̀kan sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Lọ́jọ́ Àìkú, ó lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ìrẹ̀lẹ̀ tó wọ̀ ọ́ lára yìí. Ó jó dé iwájú pẹpẹ, ìyàwó rẹ̀ gbé fọ́ọ̀mù náà tẹ̀ lé e nínú férémù.

Ibẹ̀ ni wàhálà àwọn yòókù ti bẹ̀rẹ̀. Bí orí bá ti mú mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, èèyàn wo ló máa mú iye kan náà? Ẹnikẹ́ni kò ka ìbéèrè mọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n ń pín máàkì bí ẹni ń pín ẹran àsè, àgbà kọ́kọ́ mú, ẹni tó tẹ̀ lé e mú, títí tó fi kan ọmọdé. Igbákejì Ọ̀gá Àgbà mú márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹni tó tẹ̀ lé e mú mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Nígbà tó kan Dókítà Dáníẹ́lì àti Dókítà Ọláṣẹ̀hìndé, ìjà dé, torí pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Bùkárì tó ń ṣọ́ géètì pé kó wá sọ ẹni tó kọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Bàbá ní Dáníẹ́lì ló kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ìwé ẹ̀rí sílé, ó gun ọ̀kadà padà, Ọláṣẹ̀hìndé sì ti wọlé kó tó dé. Wọ́n jiyàn títí di ọ̀sán. Níkẹyìn, wọ́n fún Ọláṣẹ̀hìndé ní méjìléláàádọ́rùn-ún àbọ̀, Dáníẹ́lì mú méjìléláàádọ́rùn-ún, ó sì di kùnrùngbùn síbẹ̀.

Ẹ rántí pé dókítà ni gbogbo wọn o.

Ẹni tó kéré jù nínú wọn ni Dókítà Suwebat, ọmọ Bàbá Bùkárì tó ń ṣọ́ géètì yìí kan náà. Àádọ́rin ni wọ́n pín fún un. Ṣùgbọ́n Suwebat ti gba fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ sílé, ó jókòó, ó ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ó sì dáhùn. Iye tó bọ́ sí ni mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ má bàa rò pé oríkunkun ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kú sórí ìkúnlẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré kan, torí pé ẹni tó yẹ kó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n wọ̀n. Iye tó wù ú ló kàn kọ sílẹ̀. Ẹni yẹn ti lọ sílé-ẹ̀kọ́, ó ti jókòó ní kíláàsì, ó sì ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn pé ó yé òun. Láti ìgbà náà ni Suwebat ti pinnu pé iṣẹ́ ìkọ́ni ni òun máa fi ayé òun ṣe, kò sì síṣẹ́ mìíràn tó wù ú. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀fẹ̀ wa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó kúnlẹ̀, ó kí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò dá a lóhùn títí ẹni tó ń gbé awò fi gbé awò dé, tó sì fi í sí i lójú.

"Kí ni mo rí yìí?" ó ní. "Àádọ́rin ni wọ́n pín fún ọ, o mú mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ṣé kí wọ́n lè sọ pé à ń febi pa ọ́ ni?"

"Rárá, sà. Ibi tí agbára mi mọ ni mo kọ."

"Ìbéèrè keje. Ǹjẹ́ mo máa ń mọ̀ bí ẹ̀kọ́ kò bá yé akẹ́kọ̀ọ́? Méjì péré. O tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé o máa ń pẹ́ kí o tó mọ̀, torí pé wọ́n máa ń ní ó yé àwọn. Àbùkù kọ́lẹ́ẹ̀jì lo kọ sílẹ̀ yẹn. Wá wo ìkejìlá. Ṣé mo lè fọwọ́ ara mi ṣe ohun tí mò ń kọ́ni? Márùn-ún. Èmi ńkọ́, mélòó ni mo kọ síbẹ̀?"

"Márùn-ún ni, sà."

"A wá di ẹgbẹ́ nìyẹn."

"Ẹ dákun, sà. Wàlàhí, mi ò wo tiyín kí n tó kọ tèmi."

"Ẹ gbọ́ o," Adéyanjú ní láti ẹ̀yìn àga. "Kò tilẹ̀ wo tiyín."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fún un di ọjọ́ Jímọ̀ kó lọ tún fọ́ọ̀mù náà kọ, kó mú àádọ́rin rẹ̀ bí ọmọlúàbí, kó sì sọ ìkejìlá di mẹ́rin. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kó kó ẹrù rẹ̀. Suwebat lọ. Bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ní géètì pé kí ló wà nínú bírò, kó kàn kọ ọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó padà wá, ó sì sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó ní, "Sà, mi ò lè yí i. Bí mo bá kọ pé mo mọ̀ ọ́n, ta ló máa kọ́ mi?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ lé e níbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n Adéyanjú fọgbọ́n sọ fún un pé Àbújá lè béèrè rẹ̀. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lé e fúnra wọn. Ọmọ obìnrin kékeré bẹ́ẹ̀, ọmọ aṣọ́géètì, akẹ́kọ̀ọ́ wo ló máa fún un tó mọ́kànlélọ́gọ́ta? Kí wọ́n ṣe òfin kan ṣáá, kí òfin náà ṣe ìyókù. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé bírò. Ohun tó kọ nìyí:

"Láti orí Ọ̀gá Àgbà títí dé orí ẹni tó kéré jù, olùkọ́ tí iye tó fún ara rẹ̀ àti iye tí akẹ́kọ̀ọ́ fún un bá fi ju mẹ́wàá lọ yàtọ̀ síra, kó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì lọ jókòó ní kíláàsì láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni."

Adéyanjú kà á, ó yún orí. "Sà, láti orí Ọ̀gá Àgbà yìí, ṣé ká yọ ọ́ kúrò?"

"Kí ló dé?" Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í. "Ṣé o ti rí gbólóhùn kan nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí tí kò ti orí mi bẹ̀rẹ̀ rí?"

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde. Gbogbo ẹni tó kọjá ló ń wo Suwebat pẹ̀lú àánú. Òun náà ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú páálí díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Ẹni tí Àbújá rán ni Dókítà Àràmídé Ọládayọ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ mọ́tò èrò láti Ìlọrin, tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé nígbà tí àwọn olùkọ́ ṣì ń wojú ọ̀nà fún jíìpù. Wọ́n ti kí i kú iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n rò pé ó wá ta búrẹ́dì, kó tó yọ lẹ́tà jáde. Ariwo wá bẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọrin, Adéyanjú sì ka oyè àti iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko. Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin. Ó ní òun dúpẹ́, òun fẹ́ rí i bó ti ń kọ́ni.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni bí wọ́n ṣe ń wọn ìfúnpá. Wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ẹ̀yìn sí kíláàsì bó ti máa ń ṣe, ó dojú kọ ògiri, ó mú ọ̀pá, ó bẹ̀rẹ̀. Àwòrán kìíní jẹ́ fọ́tò tirẹ̀ nígbà tó gba oyè. Ìkejì náà jẹ́ fọ́tò tirẹ̀. Kó tó dé orí ìkẹta, iná lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yìí kò mọ̀. Ojú rẹ̀ ti dì, ohùn rẹ̀ ń dùn mọ́ ọn. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí ògiri funfun, ó ń wí pé, "Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń rí i níbí yìí," ó sún síwájú, ó tún tọ́ka, ó ní, "Ẹ fi wé èyí tó wà lápá òsì." Kò sí nǹkan kan lápá òsì, àfi aláǹgbá. Akẹ́kọ̀ọ́ ogóje ló tẹrí ba, wọ́n ń da ògiri kọ sínú ìwé. Ó lo ìdajì wákàtí lórí rẹ̀. Ó yíjú padà, ó na ọwọ́ sókè.

"Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, sà."

Dókítà Ọládayọ̀ rọra dìde. Ó ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n jọ̀wọ́ fi ohun tó kọ́ni hàn lára èèyàn. Wọ́n pe Bàbá Bùkárì láti géètì, ó jókòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n wé aṣọ ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ apá bàbá lórí agbádá, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ kọ́ ọrùn, kò fi í sétí, ó wo òkè, ó sì kéde pé ọgọ́fà lórí ọgọ́rin, ìfúnpá tó dára bí ti ọ̀dọ́mọdé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," Bàbá Bùkárì ní pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi bá ń wọ̀n ọ́n fún mi, ó máa ń kọ́kọ́ fún afẹ́fẹ́ sí i."

Lẹ́yìn èyí, obìnrin náà ní kí gbogbo olùkọ́ jáde. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló kù, ó sì pín ìwé ìbéèrè fún wọn. Ọmọ́ṣaléwá, tó jẹ́ aṣojú kíláàsì, nawọ́, ó dìde.

"Ẹ má bínú, mà. Ọ̀gbẹ́ni Adéyanjú ti sọ fún wa pé márùn-ún ni ká fún Ọ̀jọ̀gbọ́n látòkè délẹ̀. Àti pé àgbà ni wọ́n. Ṣé kò ní jẹ́ ìwọ̀sí bí a bá kọ ohun mìíràn?"

"Bàbá tó jókòó síbí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ bá wọ̀n ọ́n báyẹn lọ́la tó sì kú, ta lẹ máa fún ní márùn-ún?" obìnrin náà bi wọ́n. "Mò ń gbé ìwé yìí lọ lónìí. Ẹnì kankan níbí kò ní rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín."

Ọmọ́ṣaléwá jókòó. Ó pẹ́ kó tó gbé bírò, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé e, kò gbé e sílẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sán, wọ́n pe gbogbo èèyàn sí gbọ̀ngàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi ti Suwebat ṣáájú, kí wọ́n tètè parí ìsìnkú. Dókítà Ọládayọ̀ kà á: mọ́kànlélọ́gọ́ta ló fún ara rẹ̀, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún un. Méjì ló wà láàárín wọn. Suwebat bo ojú, ó bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ fi géètì sílẹ̀, ó sáré wọlé láti mọ ẹni tó kú.

Wọ́n wá ka ti Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó fún ara rẹ̀ ní mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún un ní mẹ́tàdínlógún, márùn-ún nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìmọ́tótó aṣọ. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ ìbéèrè tó ní ṣé olùkọ́ máa ń wojú yín pé, "Ìpàkọ́ wọn la mọ̀ jù."

"Irọ́ ni," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. Ó dojú kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ fi ń sọ fún mi pé ó yé yín. Ṣé irọ́ lẹ fi ń pa fún mi ni?"

"Ọ̀wọ̀ ni, sà," Ọmọ́ṣaléwá dáhùn, ó kúnlẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé òfin kò kan òun, pé òun ló ṣe é. Dókítà Ọládayọ̀ kò bá a jiyàn. Ó kàn ní kí ẹnì kan ka ohun tó wà lára pátákó ìkéde fún òun. Ta ló ya ìwé náà wá, tó sì fi ohùn rara kà á, láti orí Ọ̀gá Àgbà títí dé òǹtẹ̀? Adéyanjú ni o. Bó ti kà á tán, ó lọ dúró sẹ́yìn àga Suwebat, ó bi í bóyá ó fẹ́ omi. Ẹni tó ń gbé báàgì gbé báàgì sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé awò wojú rẹ̀, òun náà gbé awò lé orí báàgì. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ bára wọn sọ̀rọ̀.

Àbújá ní kí kọ́lẹ́ẹ̀jì máa gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ, bí wọ́n bá lè pa òfin tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe mọ́. Gbogbo àwọn tó pín máàkì bí ẹran ló kó sínú rẹ̀, Dáníẹ́lì àti Ọláṣẹ̀hìndé pàápàá, tí wọ́n tún ń jà lórí ẹni tó máa jókòó níwájú. Olùkọ́ tí wọ́n yàn fún wọn ni ẹni tó mọ ara rẹ̀ jù, Suwebat.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ ọdún kìíní. Ẹnì kan fọwọ́ kàn án léjìká láti ẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, a ò rí pátákó." Ó sún.

Suwebat kúnlẹ̀ kí i kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Aboyún kan láti Èsìẹ́ ti gbà láti jókòó fún wọn. Ó kọ́ wọn títí, kò béèrè bóyá ó yé wọn. Ó kàn ń gbé ẹ̀rọ ìfúnpá fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n ṣe é. Nígbà tó kan Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó dìde, ó gba ẹ̀rọ náà, ó wò ó. Ó wo apá obìnrin náà. Obìnrin náà na apá sí i, ó ń dúró dè é, ó sì fọwọ́ kejì gbá oyún rẹ̀ mú.

"Mi ò mọ̀ ọ́n wọ̀n," Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́. "Ẹ kọ́ mi."

Suwebat ṣí ìwé tó ń kọ máàkì sí, ó wá orúkọ rẹ̀ kàn, ó kọ ọ̀kan síwájú rẹ̀. Ìyẹn ni máàkì àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà ṣiṣẹ́ fún láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.